Ayédèrú Ni Kásẹ́ẹ̀tì Wa

Ìsọ̀ àtúnṣe tẹlifíṣọ̀n kan ní Ìtòrí, létí títì Èkó sí Abẹ́òkúta. Ará-ilé ló ni ìsọ̀ náà. Ní nǹkan bí ọdún 1995, ibẹ̀ ni àwọn ọmọdé àdúgbò ti ń sanwó ta géèmù. Arìnrìn-àjò jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà. Ìlú Sheffield, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ti dé.

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n.

ARÁ-ILÉ: Ta nì yí? Há! Káàbọ̀ o. Ṣé dáadáa lo dé? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́?

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Àlàáfíà ni wọ́n wà, sà. Wọ́n ní kí n kí yín. Ẹ jọ̀ọ́, tẹlifíṣọ̀n onídìí ńlá tó wà lókè yẹn, ṣé ó ṣì ń ṣiṣẹ́? Mo fẹ́ rà á.

ARÁ-ILÉ: Kí lo fẹ́ fi ṣe? Ṣé àwọn pẹlẹbẹ tó kún ìgboro ò wù ọ́ ni?

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Ìbọn ni, sà, èyí tí a fi ń yin pẹ́pẹ́yẹ. Mo ra ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ lọ́hùn-ún, mo so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ mi. Mo yìn ín títí, pẹ́pẹ́yẹ kan ṣoṣo ò kú.

ARÁ-ILÉ: Kò lè kú. Ìbọn yẹn kì í yin ohunkóhun jáde, ojú ló ní. Bí o bá ti tẹ̀ ẹ́, gbogbo tẹlifíṣọ̀n á ṣú fún ìwọ̀n ìpajúpẹ́, ibi tí pẹ́pẹ́yẹ wà nìkan ni yóò funfun. Bí ojú ìbọn bá rí funfun yẹn, ó bà á nìyẹn. Tẹlifíṣọ̀n ló ń yin ìmọ́lẹ̀ sí ìbọn. Pẹlẹbẹ máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó gbé àwòrán jáde. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ á fi yọ, ìbọn ò retí rẹ̀ mọ́.

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Àṣé ìdí nìyẹn tí ẹ kì í fi í jẹ́ ká sún mọ́ ọn!

ARÁ-ILÉ: Rárá o. Gíláàsì mi ni mò ń ṣọ́.

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò bá wá wo bí wọ́n ṣe ń gbé nǹkan wọ̀nyí gẹ̀gẹ̀ lọ́hùn-ún. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan wà ní Sheffield tó jẹ́ ti géèmù nìkan, National Videogame Museum. Ọdún 2018 ni wọ́n ṣí i níbẹ̀. Èèyàn á jókòó, á sì ta géèmù tó bá wù ú. Inú mi dùn débi pé mi ò fẹ́ kúrò.

ARÁ-ILÉ: Tiwa ńkọ́? Ṣé ó wà níbẹ̀?

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Géèmù Mario tí a ta níbí náà ni, sà.

ARÁ-ILÉ: Mario ni, ṣùgbọ́n inú ẹ̀rọ wo ló wà? Ilé-iṣẹ́ Nintendo gbé Family Computer jáde ní Japan ní oṣù Keje ọdún 1983. Àwọn oníṣẹ́ ní Taiwan àti Ṣáínà tú u, wọ́n wo inú rẹ̀, wọ́n sì ń ṣe àdàkọ rẹ̀ tà. Àdàkọ yẹn ni mo rà ní ọjà Aláàbà l'Ékòó. Wọ́n kọ ọ́ sára kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pé géèmù 9999 ló wà nínú rẹ̀. Bí o bá kà á délẹ̀, géèmù díẹ̀ ni wọ́n kàn ń yí orúkọ wọn padà.

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Ẹ ò sì sọ fún wa pé ayédèrú ni!

ARÁ-ILÉ: Ẹ ò bi mí. Àti pé ta ni ì bá gbé ojúlówó wá sí Ìtòrí? Ká ní ojúlówó la dúró dè, ìwọ ì bá má mọ Mario títí o fi wọ bàlúù.

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Òótọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Rọ́ṣíà. Irú àdàkọ yìí kan tí wọ́n ń pè ní Dendy dé ọjà wọn ní oṣù Kejìlá ọdún 1992. Òun ni ọ̀pọ̀ ọmọ ibẹ̀ fi dàgbà, wọn ò sì tijú rẹ̀ títí dòní.

ARÁ-ILÉ: Àwọn yẹn polówó tiwọn lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì kọ ìtàn rẹ̀. Ta ló kọ tiwa?

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Ẹ jẹ́ kí n béèrè ohun mìíràn. Géèmù Sonic, ti 1991. Ẹ rántí ẹ̀rọ Sega tí ọmọkùnrin kan máa ń gbé wá láti kọ́tásì sìmẹ́ǹtì Ewékorò? Nígbà tí mo rí Sonic yẹn lórí kọ̀ǹpútà láìpẹ́, ó ń sáré ju èyí tí mo mọ̀ lọ. Mo rò pé ọjọ́ orí ló ń yọ mí lẹ́nu.

ARÁ-ILÉ: Ojú rẹ ò tàn ọ́. Lórí tẹlifíṣọ̀n ti Japan àti ti Amẹ́ríkà, àwòrán ń yí nígbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Lórí tiwa, nígbà 50. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣe géèmù ò sì yọ ara wọn lẹ́nu láti tún un ṣe fún tiwa, ló bá jẹ́ pé ìdá kan nínú mẹ́fà eré Sonic ni a kò rí. Irú tẹlifíṣọ̀n tiwa yẹn náà ni wọ́n ń lò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà àwọn ọmọ Sheffield náà jìyà ẹ̀.

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Ẹ ṣeun o! Géèmù Contra wá ńkọ́? Èèyàn á tẹ òkè, òkè, ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, òsì, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, B, A. Ẹ̀mí 3 á di 30. Ọ̀gbẹ́ni Kazuhisa Hashimoto ti ilé-iṣẹ́ Konami ló dá ọgbọ́n yẹn fún ara rẹ̀. Géèmù mìíràn, Gradius, ló ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Ó le jù fún un, ló bá wá ọ̀nà àbùjá, ó sì gbàgbé rẹ̀ sínú rẹ̀. Ọdún 2020 ló kú. Ohun tí ò yé mi ni bí ó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. A ò ní ìwé ìròyìn géèmù kankan.

ARÁ-ILÉ: Ọmọ kan tó lọ ṣe ìsinmi l'Ékòó ló kó o bọ̀. Kò sọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ o. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n á fún un ní àyè tirẹ̀ lórí géèmù. Èmi sì fòfin dè é.

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Ẹ̀yin! Kí ló dé?

ARÁ-ILÉ: Ẹ̀mí ni mò ń tà. Ẹni tó bá kú tán á dìde, ẹlòmíràn á sanwó jókòó. Ọmọ tó bá ní ẹ̀mí 30, ìgbà wo ló fẹ́ dìde? Hashimoto ṣe é fún ara rẹ̀, mo gbà, ṣùgbọ́n nínú ìsọ̀ mi, òǹtajà ni mí.

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Òfin yín pọ̀ nígbà yẹn. Mo rántí pé ẹni tó bá fẹnu fẹ́ kásẹ́ẹ̀tì kì í bá wa ta lọ́jọ́ náà.

ARÁ-ILÉ: Itọ́ yín ń ba irin rẹ̀ jẹ́. Yíyọ àti títún-kì-bọ̀ ló ń jẹ́ kó mú, kì í ṣe èémí. Èmi ń fi òwú àti sípírítì nù ún. Ọmọ tó wọ aṣọ ilé-ìwé ò gbọdọ̀ wọlé kí wọ́n tó jáde ilé-ìwé. Bí NEPA bá mú iná lọ láàárín géèmù, mo ń kọ ohun tó kù fún ọ sínú ìwé, o ó padà wá ta á nígbà tí iná bá dé. Ẹni tó ń wòran ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀.

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Òfin yẹn ò múlẹ̀ rí! Pàápàá nígbà tí PlayStation dé. Oṣù Kẹfà 1998, tí Nàìjíríà fi àmì ayò 3 sí 2 na Sípéènì ní Nantes, ìyẹn la tún ń gbá lórí géèmù FIFA lójoojúmọ́. Kò sí ẹni tó fẹ́ gba Sípéènì.

ARÁ-ILÉ: O rántí adùn. Ṣé o rántí ìyá tó mú ẹgba wọ ibí yìí? Owó ìdánwò ni ọmọ rẹ̀ fi ta géèmù. Èmi ni mo gba owó náà. Mo dá a padà, síbẹ̀ ojú tì mí. Bí o bá fẹ́ kọ ìtàn, má yọ ìyẹn kúrò.

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Mi ò ní yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Lọ́dún 2023, Video Game History Foundation ní Amẹ́ríkà ṣèwádìí, wọ́n rí i pé nínú 100 géèmù àtijọ́ tó jáde níbẹ̀, 87 ni èèyàn ò lè rí rà lọ́jà mọ́. Àwọn tó ń dà wọ́n kọ ló ń jẹ́ kí púpọ̀ wọn ṣì wà. Ayédèrú ló wá di alágbàtọ́ ojúlówó.

ARÁ-ILÉ: Rọra. Bi àwọn tó ń ṣe fíìmù Yorùbá ohun tí àdàkọ Aláàbà fi ojú wọn rí, kí o tó máa yìn ín. Ẹni tó da iṣẹ́ kọ jalè; iṣẹ́ tó dà kọ sì kọ́ wa. Méjèèjì jẹ́ òótọ́, ọ̀kan ò pa èkejì rẹ́.

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Kí la wá fẹ́ gbé lọ fún àwọn onílé ìṣẹ̀ǹbáyé? Tẹlifíṣọ̀n yìí?

ARÁ-ILÉ: Tẹlifíṣọ̀n, Japan ní in. Mario, Japan ní in. Kò sóhun tí wọ́n fẹ́ kọ́ lára wọn lọ́dọ̀ wa. Ohun tí wọn ò ní ni bí ẹ̀rọ kan ṣoṣo ṣe tó odidi àdúgbò: ẹni tó ń sanwó, ẹni tó ń wòran, ohun tí à ń ṣe bí iná bá lọ. Ìwé tí mò ń kọ àkókò yín sí ṣì wà nílé.

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Ẹ̀gbọ́n! Ẹ kó o fún mi, màá yàwòrán gbogbo ojú ìwé rẹ̀.

ARÁ-ILÉ: N ò ní kó o fún ọ. Orúkọ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ló wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti di ẹni ńlá, gbèsè sì wà lọ́rùn wọn. Jókòó sí ibí yìí, kí èmi máa kà, kí ìwọ máa kọ: òfin, iye owó, bí a ṣe ń pín àkókò. Orúkọ nìkan ni a ó fò.

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Ó dára bẹ́ẹ̀, sà. Ọ̀la ńkọ́?

ARÁ-ILÉ: Ọ̀la ti dára. Ṣùgbọ́n mú owó dání. Orúkọ tìrẹ náà wà níbẹ̀.