Ahun Odò tí a Sàmì sí

Bí a bá dárúkọ ìjàpá níwájú ọmọ Yorùbá, inú àlọ́ ni ọkàn rẹ̀ kọ́kọ́ ń sáré lọ. Ọkọ Yánníbo, ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́, oníwọ̀ra: ẹnu ni a fi mọ̀ ọ́n ju ojú lọ. Ti ìbátan rẹ̀ tí ń gbé inú omi ńkọ́? Èmi kò gbọ́ àlọ́ kan nípa rẹ̀ rí. Ìgbà tí ìdánrawò iṣẹ́ ìkọ́ni gbé mi dé Lọ́kọ́ja, níbi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé, ni mo tó fi ojú kàn án.

Bàbá apẹja kan, ará Ọ̀wọrọ̀, ni ó mú mi wọ ọkọ̀ rẹ̀ ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kan. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, omi ti fà, iyanrìn sì ti yọ láàrin odò. A jókòó jẹ́ẹ́. Ó pẹ́ kí ohun kan tó yọ imú sókè, imú tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ. Ó mí, ó sì tún rì. Ohun tí mo rí ní òwúrọ̀ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Trionyx triunguis ni àwọn onímọ̀ ń pè é, nítorí èékánná mẹ́ta tí ó wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò le bí ti ìjàpá inú igbó. Awọ ni ó bò ó, ó sì lè ri ara rẹ̀ mọ́ iyanrìn ìsàlẹ̀ omi.

Báwo wá ni a ṣe lè ka ohun tí kì í fi ju imú hàn ni? Àmì ni. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ le, wọn a fi ayùn họ etí ẹ̀yìn náà díẹ̀, ibi tí a họ ni yóò sì sọ nọ́ńbà rẹ̀. Bí a bá mú 20, tí a sàmì sí wọn, tí a dá wọn padà sómi; tí a tún mú 20 lẹ́yìn náà, tí 5 nínú wọn sì ní àmì, a jẹ́ pé ìdá kan nínú mẹ́rin ni 20 àkọ́kọ́. Gbogbo wọn yóò tó 80. (Ìṣirò yìí dùn mọ́ mi ju gbogbo èyí tí a fi ẹgba kọ́ mi lọ.)

Luca Luiselli, ará Ítálì, àti Godfrey Akani ti Port Harcourt ti ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí àwọn ẹranko wọ̀nyí ní Niger Delta. Nínú ìwádìí wọn tí ó jáde ní 2003, irú mẹ́rin ni wọ́n rí níbi tí omi ti mọ́. Níbi tí epo rọ̀bì ti bà á jẹ́, irú méjì péré. Omi tí ó ṣàn kọjá lẹ́sẹ̀ mi ní Lọ́kọ́ja ni ó ń lọ sí ọ̀hún.

Ti òkun tún ya ni lẹ́nu. Ní Gabon, wọ́n de ẹ̀rọ mọ́ ẹ̀yìn àwọn ahun ńlá abo tí ó wá yé ẹyin sétí òkun. Ẹ̀rọ náà kò lè ránṣẹ́ láti abẹ́ omi. Ìgbà tí ẹranko bá yọ láti mí nìkan ni ó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀. Àbọ̀ ìwádìí náà jáde ní 2011: ọ̀kan nínú wọn wẹ òkun kọjá sí ìhà Gúúsù Amẹ́ríkà, ìrìn tí ó lé ní 7,000 kìlómítà.

Mo sọ gbogbo èyí fún bàbá. Ó gbọ́ ọ dáadáa, ó ní, “Tíṣà, bí èyí tí ó ní àmì bá kó sínú àwọ̀n mi, ta ni yóò san owó rẹ̀ fún mi?” Owó ilé-ìwé ọmọ ni ahun ńlá kan lọ́wọ́ rẹ̀. N kò bá a jiyàn. Lójú tèmi, ẹni tí ó bá fẹ́ kí ahun odò wà láàyè tí kò sì ní èsì fún ìbéèrè yìí, kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n kíkà náà wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ó mú okùn kan, ó ń ta kókó kan sí i fún ọ̀kọ̀ọ̀kan tí ó bá mú. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń parí lọ, kókó mẹ́ta ni mo kà lórí rẹ̀. Bàbá ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, bàbá òun ìbá ta tó bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan.