Ìdérí Awò Ìbọn Tí Àbúrò Mi Ṣe

Àwọn àgbà a máa wí pé bí ọmọdé kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko bàbá ẹni tí ó tó ti bàbá òun. Ó ti ju ọdún mẹ́wàá lọ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní òwe yìí ní kíláàsì, tí mo sì ń ní kí wọ́n kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sínú ìwé. N kò mọ̀ pé èmi gan-an ni ọmọdé tí òwe náà ń bá wí, àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ ìdérí awò ìbọn kan dé sí ilé wa. Ẹ̀yin òǹkàwé ọ̀wọ́n, ẹ fara balẹ̀ kí n rò ó fún yín, nítorí owó àti ìtìjú wà nínú rẹ̀.

Mo ní àbúrò ọkùnrin kan, ọmọ ìyá mi, tí ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń gé irin ní ìpínlẹ̀ Texas, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ a máa mú un lọ ṣọdẹ àgbọ̀nrín nígbà òtútù. Ìbọn tiwọn kì í ṣe ṣakabùlà bí èyí tí bàbá wa lò. Wọn a máa de awò gígùn kan mọ́ orí rẹ̀, tí ó ní dígí níwájú àti lẹ́yìn, kí ọdẹ lè rí ẹran tí ó wà lọ́nà jíjìn bí ẹni pé ó wà nítòsí. Ṣùgbọ́n bí ìrì bá sẹ̀ sí dígí yìí, tàbí tí ẹrẹ̀ ta sí i, tàbí tí ẹ̀ka igi ha á, ọdẹ kò ní rí nǹkan kan mọ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi ìdérí bò ó.

Àbúrò mi ṣàkíyèsí pé ìdérí tí òun rà a máa dún nígbà tí ó bá ṣí, ẹran a sì sá lọ. Ó lọ sí ìdí ẹ̀rọ, ó ṣe tirẹ̀. Bí ó bá fi àtàǹpàkò kàn án, sípíríǹgì kékeré a gbé ìdérí náà sókè, ahọ́n rọ́bà kan a sì gbà á mọ́ra jẹ́ẹ́, láìdún rárá.

Ó ní òun fẹ́ gba pátẹ́ǹtì lórí rẹ̀. Pátẹ́ǹtì ni ìwé tí ìjọba fi ń dáàbò bo ẹni tí ó ṣe ohun titun. Májẹ̀mú ni. Ìwọ yóò sọ fún gbogbo ayé bí a ti ń ṣe ohun náà, ìjọba yóò sì fún ọ ní agbára láti dá ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ṣe é tàbí tí ó ń tà á láìgba àṣẹ rẹ dúró, fún 20 ọdún láti ọjọ́ tí o mú ìwé ìbéèrè rẹ wọlé.

Owó lọ́yà kò kéré. Mo yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwa olùkọ́, mo fi kún èyí tí mo ti kó jọ láti fi kan páànù sí ilé tí mo ń kọ́, mo fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Aya mi kò bá mi jà, ṣùgbọ́n kò bá mi rẹ́rìn-ín fún odidi ọ̀sẹ̀ kan.

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe nìyí. Nínú ìwé ìbéèrè pátẹ́ǹtì, apá tí ó ṣe pàtàkì jù ni ibi tí a ti ń to ohun tí a pè ní tiwa lẹ́sẹẹsẹ, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ tọ ààlà oko. Lọ́yà ní kí àwọn fi ààlà náà mọ sí ibi ahọ́n rọ́bà. Àbúrò mi fi ìwé náà ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá òun wò ó, nítorí pé èmi ni olùkọ́. Mo kà á tán, mo ní: “Má gbà! Wọ́n fẹ́ fi díẹ̀ tàn ọ́ ni. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé gbogbo ìdérí awò ìbọn tí ó bá ń fi sípíríǹgì ṣí, tìrẹ ni.” Ó gbọ́ tèmi. Ohun mẹ́rin ni wọ́n tò síbẹ̀. Ahọ́n rọ́bà ni ó ṣe ìkẹrin, ní ìsàlẹ̀ pátápátá.

Ìwé náà wá bọ́ sọ́wọ́ olùyẹ̀wò. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti jìyà kí wọ́n tó mọ iyì olùyẹ̀wò. Òfin wọn àkọ́kọ́, ti 1790, gbé iṣẹ́ náà lé àwọn ìjòyè ìjọba mẹ́ta lọ́wọ́, Thomas Jefferson tí ó di ààrẹ lẹ́yìn náà sì wà lára wọn. Iṣẹ́ náà wọ̀ wọ́n lọ́rùn, ni wọ́n bá yí òfin padà ní 1793, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá ti san owó tí ìwé rẹ̀ sì pé, yóò gbà á. Èyí dá ìjà sílẹ̀, nítorí ènìyàn méjì lè gba ìwé lórí ohun kan náà. Ní 1836, wọ́n dá àyẹ̀wò padà. Títí di òní, ohun tí olùyẹ̀wò ń béèrè ni pé: Ǹjẹ́ ohun náà wúlò? Ǹjẹ́ titun ni? Bí ó bá sì jẹ́ titun, ǹjẹ́ kì í ṣe ohun tí oníṣẹ́ èyíkéyìí tí ó mọ iṣẹ́ náà ìbá ronú kàn láìlàágùn?

Ọdún kan ààbọ̀ kọjá kí èsì tó dé. Olùyẹ̀wò kò bú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rí ni ó tò. Ó mú ìwé pátẹ́ǹtì àtijọ́ kan jáde, tí àwòrán ìdérí onísípíríǹgì fún awò ìbọn wà nínú rẹ̀ kedere. Ohun kìíní tí a béèrè kì í ṣe titun. Ní ti ìkejì àti ìkẹta, ó mú ìwé mìíràn tí ó jẹ́ ti ìdérí kámẹ́rà, ó ní ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ náà lè so ìwé méjèèjì pọ̀. Ọ̀rọ̀ wà lórí ìkẹrin pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ojú wa kò dé ibẹ̀. “A kọ̀ ọ́” nìkan ni a rí.

Àbúrò mi tẹ̀ mí láago pẹ̀lú ìbínú: “Ẹ̀gbọ́n mi, nítorí pé mo jẹ́ àlejò ni. Ẹ jẹ́ kí n wá gbà á ní Nàìjíríà, níbi tí wọn kò ti ní dààmú mi.”

Mo wádìí. Títí di 1970, òfin 1925 ni ó wà nílẹ̀ wa, pátẹ́ǹtì tí wọ́n bá sì ti fúnni ní ìlú Ọba ni a ń kọ sínú ìwé níhìn-ín. Òfin 1970 ni ó fún wa ní tiwa. Òfin yìí ní kí ọ́fíìsì wò bóyá ìwé ìbéèrè pé. Kò ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun náà jẹ́ titun. Ó sì sọ gbangba pé orí ẹni tí ó gbà á ni ewu wà, ìjọba kò ṣe onídùúró fún un. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé ìwé tí a gbà níhìn-ín kò ní agbára kankan ní Texas, níbi tí àwọn tí yóò ra ìdérí náà wà. Èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ sì mọ bí ìwé ẹ̀rí tí a gbà láìṣe ìdánwò ti rí. Ọjọ́ tí ẹnìkan bá pe ẹni tí ó ni ín lẹ́jọ́ ni ìdánwò rẹ̀ yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo ṣàlàyé èsì olùyẹ̀wò fún ìyá wa, mo rò pé yóò bá wa kẹ́dùn. Ó wò mí títí, ó ní: “Ìdérí ìbọn ni ẹ sọ pé ẹ̀yin ni ẹ kọ́kọ́ ṣe? O ti gbàgbé awọ ewúrẹ́ tí bàbá yín fi ń bo ibi ẹ̀tù ìbọn rẹ̀ nígbà òjò ni? Ọwọ́ bàbá tirẹ̀ ni òun náà ti rí i.”

Ẹnu mi wọhò. Ara ògiri yàrá bàbá wa ni awọ náà máa ń wà, èmi àti àbúrò mi a sì máa fi ṣeré.

Ìyá wa tún béèrè pé: “Kí ni àbúrò rẹ wá fi kún un?”

Mo ní: “Ahọ́n rọ́bà ni, Màmá, kí ó má baà dún.”

Ó ní: “Ẹ̀n-ẹ́n. Kí ó gba ìyẹn.”

Mo padà sí ìdí èsì náà, mo kà á bí mo ti ń ní kí àwọn ọmọ kíláàsì mi máa kàwé, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Níbẹ̀ ni mo ti rí i pé olùyẹ̀wò ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun yóò gba ohun kẹrin, bí a bá tún un kọ kí ó lè dá dúró. Ohun tí lọ́yà sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ohun tí ìyá wa sọ náà sì nìyẹn. Mo tẹ àbúrò mi láago lóru náà, mo ní: “Àbúrò mi, má bínú sí wọn. Èmi ni mo ṣì ọ́ lọ́nà.” Ó dákẹ́ pẹ́, lẹ́yìn náà ó ní: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má dà á láàmú. Ó ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí oṣù mẹ́ta tí wọ́n fún wa láti fèsì tó pé.”

Wọ́n tún un kọ, ìwé náà sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Kò gbòòrò, nítorí ahọ́n rọ́bà nìkan ni ó dáàbò bò, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń tà á fún àwọn ọdẹ agbègbè rẹ̀, ó sì ti ń dá owó mi padà. Apá kan ilé mi ti ní páànù. Ojú ọ̀run ni a ṣì ń wò ní apá kejì. Aya mi ti ń bá mi rẹ́rìn-ín.

Nítorí náà, ẹ̀yin oníṣòwò àti ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá ṣe ohun kan tí ó dára, kí ẹ tó ná owó lé e lórí, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó ṣáájú yín bóyá ó ti wà rí. Bí ẹnìkan bá sì fi hàn yín pé ó ti wà, ẹ má pè é ní ọ̀tá. Ẹ ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Ó lè jẹ́ ibẹ̀ ni ó kọ èyí tí ó jẹ́ tiyín sí.