Ọwọ́ Tí Ó Wà Nínú Gègé

Orúkọ ohun èlò a máa sọ ọ̀nà tí ó gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Kí àwọn ajíhìnrere Òyìnbó tó gúnlẹ̀ sí Badagry ní 1842 ni àwọn àáfáà ti ń fi kálámù kọ̀wé ní ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn Lárúbáwá ni wọ́n ni orúkọ yẹn. Ọ̀dọ̀ àwọn Hausa ni tàdáwà sì ti wá. Báírò tí tọmọdé tàgbà ń lò lónìí, orúkọ ènìyàn ni: László Bíró, ọmọ ilẹ̀ Hungary, tí ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́-ọpọlọ rẹ̀ ní 1938. Láàárín kálámù àti báírò ni gègé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà: gègé tí ó ń gbé tàdáwà tirẹ̀ sínú, tí ẹnu rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ wúrà, tí àwọn olùkọ́ àti akọ̀wé ayé àwọn baba wa máa ń fi há àpò àyà ẹ̀wù.

Mo ní mẹ́sàn-án. Ọ̀kan nínú wọn ni Parker 51 tí baba mi fi sílẹ̀. Ọdún 1941 ni ilé-iṣẹ́ Parker, ní Janesville ní Amẹ́ríkà, gbé irú rẹ̀ jáde. Ike ni wọ́n fi bo ẹnu rẹ̀, ṣóńṣó nìkan ni ó yọ síta, kí tàdáwà má baà gbẹ sí i. Ní 1948 ni wọ́n fi àpò tàdáwà tí ó jẹ́ ike sínú rẹ̀, irin sì bo àpò náà. Ike yìí kì í bọ̀rọ̀ bàjẹ́. Ọdún 21 ni ti baba mi ti wà nínú dúrọ́ọ̀ kí ó tó dé ọwọ́ mi. Omi tútù lásán ni mo fi fọ̀ ọ́ fún ọjọ́ méjì, ó sì tún ń kọ̀wé.

Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó rí irú oríire bẹ́ẹ̀. Rọ́bà ni àpò tàdáwà Sheaffer kan tí mo ní. Rọ́bà àtijọ́ a máa gan, a sì fọ́ wẹ́wẹ́ bí èèpo ẹyin. Mo ha èérún rẹ̀ kúrò, mo gé àpò tuntun ní ìwọ̀n rẹ̀, mo sì fi oje lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Iṣẹ́ sùúrù ni. Omi gbígbóná kò gbọdọ̀ kàn án. Tàdáwà ayàwòrán tí ó ní oje nínú kò sì gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀, nítorí bí ó bá gbẹ, ó dí gègé pa nìyẹn.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí òun náà ń kó gègé jọ kì í fi tirẹ̀ kọ ohunkóhun. Ó ní èyí tí tàdáwà kò kàn rí ni ó lówó lórí jù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Olùkọ́ ni baba mi, ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n fi gègé yìí kọ̀wé. Irin líle tí ó wà ní ṣóńṣó wúrà náà kì í tètè jẹ, síbẹ̀ ó ti jẹ sí ìhà kan. Bí mo bá mú un bí mo ṣe ń mú gègé yòókù, a máa ha ìwé. Bí mo bá dà á sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, bí baba mi ṣe máa ń ṣe, a máa yọ̀ geere bí ẹni pé a fi epo sí i. A kò lè fi ojú rí ọwọ́ wọn tí ó wà níbẹ̀. Ìgbà tí a bá ń kọ̀wé nìkan ni ara ń mọ̀ ọ́n.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Bí mo bá ń lò ó, ọwọ́ tèmi yóò pa tiwọn rẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí n kò bá sì lò ó, ta ni yóò mọ̀ pé ọwọ́ kankan wà níbẹ̀?

Mo ti yan lílò. Lẹ́tà sí àwọn àbúrò mi, àti orúkọ àwọn ọmọ tuntun nínú ìwé ìdílé, ni mo ń fi kọ. Báírò ń ṣe ìyókù. Mo ti gbé e lé àbíkẹ́yìn mi náà lọ́wọ́. Gègé kọ́kọ́ ha ìwé. Ó dà á sí ẹ̀gbẹ́, ó sì yọ̀. Ó béèrè pé, “Ṣé báyìí ni Bàbá Àgbà máa ń mú un?”

Mo ní báyìí gan-an ni.