Àbùùbùtán àti Ọ̀kánjúwà

Àwọn baba wa kì í sọ ohun kan lórúkọ láìnídìí. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ìròyìn ẹranko kan tí ń gbé inú òkun, tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí odidi ìlú lè yọ ọ̀bẹ tì í kí ẹran rẹ̀ má tán, wọ́n pè é ní àbùùbùtán, èyíinì ni ohun tí a bù, bù, bù, tí kò tán. Ìwọ òǹkàwé mi, orúkọ yìí ni mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò, nítorí pé òtítọ́ ń bẹ nínú rẹ̀, ẹ̀tàn sì ń bẹ nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Àwa ará Ìfọ́n àti Ìlobùú jìnnà sí òkun. Odò Erinlẹ̀ ni a mọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò sì tíì fi ojú kan òkun rí. Nítorí náà, jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹ̀dá tí àbùùbùtán jẹ́. Ó jọ ẹja, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹja. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí tiwa. Ọmọ ni í bí, kì í yé ẹyin. Ọmú ni í fún ọmọ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí àwa ń mí ni òun náà ń mí, ìdí rẹ̀ nìyí tí kò fi lè ṣàì yọ sókè omi. Oríṣìíríṣìí ni wọ́n. Èyí tí ó máa ń wá sí etíkun wa, láti Kùtọnù títí dé Gàbọ́ọ̀nù, ni abuké, tí ó máa ń gùn tó mítà 12 sí 16, tí ó sì lè wọn tọ́ọ̀nù 30. Ìpẹ̀kun gúúsù ayé, lẹ́bàá yìnyín, ni ó ti ń jẹun. Bí òtútù ibẹ̀ bá le, yóò rin ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà wá sí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ láti wá bímọ.

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo lọ kí àbúrò mi kan tí ń ṣòwò ní Port-Gentil, ní orílẹ̀-èdè Gàbọ́ọ̀nù. Ilẹ̀ tóóró kan tí a ń pè ní Cap Lopez yọ wọ inú òkun níbẹ̀, ó sì ń gba ìgbì dúró fún omi tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Oṣù Kẹjọ ni, àbúrò mi sì mú mi wọ ọkọ̀ ojú omi kan tí ń gbé ènìyàn lọ wo àbùùbùtán. Nígbà tí a rìn fún bí wákàtí kan, a rí ohun funfun kan tí ó tú sókè bí ooru ìkòkò tí a ṣí lórí iná. Èémí ẹranko náà ni. Kò pẹ́, ẹ̀yìn dúdú kan yọ, ó ń dán, ó sì gùn ju ọkọ̀ wa lọ. Ọmọ rẹ̀ ń lúwẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àjànàkú kọjá mo-rí-nǹkan-fìrí. Bí a bá rí erin, ká wí pé a rí erin.

Ọ̀kan nínú àwa èrò ọkọ̀ yọ owó síta, ó ní kí atukọ̀ sún mọ́ wọn sí i. Atukọ̀ kọ̀. Ó sọ̀rọ̀ ní èdè Faransé, àbúrò mi sì túmọ̀ rẹ̀ fún mi pé, “Ìyá yìí kì í sábà jẹun níhìn-ín. Ọ̀rá ara rẹ̀ ni ó ń sọ di omi ọmú. Bí a bá ń lé e kiri, agbára ọmọ rẹ̀ ni à ń jẹ. Bí a bá sì lé e lọ, kí ni n ó fi hàn yín lọ́dún tí ń bọ̀?” Mo gbà pé ọlọ́gbọ́n ni ọkùnrin náà. Ní ilẹ̀ Ọsirélíà, òfin gan-an ni ó sọ pé ọkọ̀ kò gbọdọ̀ sún mọ́ àbùùbùtán ju mítà 100 lọ. Bí ó bá ní ọmọ lẹ́yìn, mítà 300 ni.

Òkun kan náà tí a ti ń wò wọ́n yìí ni a ti pa wọ́n ní ìpakúpa. Ní ọdún 1912, àwọn ọdẹ òkun láti ilẹ̀ Nọ́wè dé Cap Lopez, wọ́n ń se ọ̀rá ẹran náà di epo. Nígbà tí ẹran dín kù, wọ́n lọ. Wọ́n tún padà wá ní 1949. Nígbà tí yóò fi di 1952, ẹran tún ti wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí káàkiri ayé: ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá, àbùùbùtán tí a pa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 3. Ohun tí a ní kò lè tán fẹ́rẹ̀ẹ́ tán! Ní 1982 ni ìgbìmọ̀ àgbáyé tí ń rí sí ọ̀rọ̀ wọn pinnu pé kí á dáwọ́ pípa wọ́n fún títà dúró, ìpinnu náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1986. Orílẹ̀-èdè díẹ̀ kò fara mọ́ ọn títí di òní, ṣùgbọ́n abuké ti ń pọ̀ sí i ní ibi púpọ̀. Ẹni tí ó pa á, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó tà á. Ẹni tí ń gbé ènìyàn lọ wò ó ń tà á lọ́dọọdún, ẹran náà sì ń padà lọ sílé rẹ̀ láàyè.

Bóyá ìwọ yóò bi mí pé, kí ni èyí kan ọmọ Ìfọ́n? Ní abúlé kan tí mo ti ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, odò kékeré kan wà tí àwọn ọmọ máa ń fi ìwọ̀ pẹja níbẹ̀ bí a bá jáde ní ọ̀sán. Ní òru ọjọ́ kan, àwọn kan da oògùn kòkòrò tí a ń fín sí kòkó sínú rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹja ńlá àti èyí tí kò ju àlàkẹ́ lọ ti léfòó. Wọ́n kó èyí tí wọ́n fẹ́ lọ sí ọjà, ìyókù sì jẹrà. Fún ọjọ́ púpọ̀ ni àwọn ìyá fi ń lọ pọn omi ní ọ̀nà jíjìn. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, mo ṣì ń rí àwọn ọmọ tí wọ́n jókòó sí etí odò náà pẹ̀lú ìwọ̀ lọ́wọ́, tí wọn kò rí nǹkan kan fà jáde.

Ọ̀kánjúwà pẹ̀lú olè, déédé ni wọ́n jẹ́. Ẹni tí ó pa ẹja ọ̀la pọ̀ mọ́ tòní ti ja ọmọ tí a kò tíì bí lólè. Nítorí náà, nígbà tí o bá dé ibi tí Ọlọ́run kó ọ̀pọ̀ sí, ìbáà ṣe odò, ìbáà ṣe igbó, mú ìwọ̀nba tí ó tó ọ, kí o sì fi ìyá àti ọmọ sílẹ̀. Kò sí àbùùbùtán kankan láyé, àfi èyí tí àwọn tí ń bù ú bá mọ ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n dá ọwọ́ dúró.