Ẹjọ́ tí Kọ̀ǹpútà Rò fún Mi

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lórí ewé ìwé yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oríkì, kì í sì í ṣe ìtàn ìlú. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò ti fẹ́ ṣí ojú ìwé kejì, wọn yóò ní kí ni ó kan akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ Linux. Ẹ fara balẹ̀. Ẹni tí ó bá yan iṣẹ́ lórí ohùn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àṣekágbá rẹ̀ mọ̀ pé a kò lè fi etí lásán wọn ohùn mọ́. Ètò kan tí ó ń jẹ́ Praat ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Paul Boersma àti David Weenink ti Yunifásítì Amsterdam ni wọ́n ṣe é, ọ̀fẹ́ sì ni.

Iṣẹ́ tèmi dá lórí ohùn ìsàlẹ̀ ní ìparí gbólóhùn nínú ẹ̀ka-èdè Ìjẹ̀ṣà. Ìyá àgbà 6 ni mo gba ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, ìyá tí ó bí ìyá mi, ti re ibi tí àgbà ń rè, nítorí náà èyí tí mo gbà lẹ́nu rẹ̀ kò ṣe é tún gbà. Bẹ́ẹ̀ ohùn arúgbó ní ìparí gbólóhùn a máa ha, a máa dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Nígbà mìíràn Praat kò ní rí i wọ̀n rárá, nígbà mìíràn yóò wọ̀n ọ́n sí ìlọ́po méjì ohun tí ó jẹ́. Ọ̀gá tí ó ń bójú tó iṣẹ́ wa wá pàṣẹ pé kí gbogbo wa lo ọ̀nà ìwọ̀n tuntun tí wọ́n fi kún Praat 6.4 ní ọdún 2023, èyí tí wọ́n ń pè ní filtered autocorrelation, kí a lè fi èsì ẹnìkan wé ti ẹlòmíràn. Ọjọ́ 9 ni ó kù kí n lọ dúró níwájú àwọn olùkọ́.

Kọ̀ǹpútà mi, tọ́kùnbọ̀ ni. Ubuntu 22.04 ni ó wà lórí rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ Linux, kí ó mọ̀ pé àwọn tí ó ń ṣe Ubuntu ní àká ńlá kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kó ètò sí, wọ́n sì di ètò kọ̀ọ̀kan bí ẹrù. Àṣẹ tí a fi ń bu ẹrù nínú àká náà ni apt. Lára ẹrù kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ orúkọ àwọn ẹrù mìíràn tí ó gbára lé sí. (Àwọn àgbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ èdè-ìperí fún wa kò bá irú ọ̀rọ̀ báyìí pàdé nígbà tiwọn. Ẹ gbà mí láyè kí n pe ohun tí ẹrù gbára lé ní àgbáralé. Ẹni tí ó bá ní èyí tí ó dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó mú un wá.) Igi kan kì í dá igbó ṣe. Ètò kan ṣoṣo lè ní àgbáralé ogójì, kí àwọn náà sì tún ní tiwọn.

Oṣù kẹrin ọdún 2022 ni Ubuntu 22.04 jáde. Praat tí ó wà nínú àká rẹ̀ kò lè jẹ́ 6.4 láéláé, nítorí pé wọn kì í sábà fi ètò tuntun rọ́pò ti inú àká tí wọ́n bá ti ṣí, àyàfi láti dí ihò tí olè lè gbà wọlé tàbí láti tún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe. Mo wá lọ bá ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Ó ti kọ́ Praat tuntun sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ tí ó ní Ubuntu 24.04, ó sì dà á sórí fláàṣì fún mi. Mo délé, mo ṣí i, ó kọ̀. Ohun tí ó wí ni pé: version `GLIBC_2.38' not found.

Glibc ni ìpìlẹ̀. Fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ètò tí ó wà lórí Ubuntu ni ó gbára lé e, títí kan ls tí ó ń ka orúkọ fáìlì, àti apt fúnra rẹ̀. Èyí tí ó wà lórí kọ̀ǹpútà mi jẹ́ 2.35, ti ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ 2.39. Ètò tí a kọ́ sórí glibc àtijọ́ a máa ṣiṣẹ́ lórí tuntun, ṣùgbọ́n èyí tí a kọ́ sórí tuntun sábà máa ń kọ̀ lórí àtijọ́. Ṣé ẹ rí i, ọmọ-ọmọ ń gbọ́ ohun tí ìyá àgbà ń sọ, ṣùgbọ́n ìyá àgbà kò gbọ́ ẹnà tí àwọn ọmọ ń dá ní ẹ̀yìnkùlé.

Mo tún padà lọ.

“Àbúrò, ìyẹn kò le,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí. “Lọ bu glibc ti 24.04, kí o fi dpkg tì í wọlé tipátipá.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, bí ó bá wọlé tí kò bá àwọn ìyókù mu ńkọ́?”

“Wàá tún Ubuntu tò látilẹ̀ ni.”

Ó rẹ́rìn-ín, èmi kò rẹ́rìn-ín. Gbólóhùn ìyá mi àgbà wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn. Mo ti dà wọ́n kọ sí ibi méjì, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn àmì tí mo ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí lára wọn kò tíì kúrò lórí ẹ̀rọ náà. Yàtọ̀ sí èyí, mo mọ ọmọkùnrin kan ní ilé wa tí ó fi tipá pààrọ̀ glibc. Láti ọjọ́ náà, ls kò ṣiṣẹ́ mọ́, apt tí ìbá fi tún un ṣe kò ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó yọ òpó ilé láti fi tún òrùlé ṣe, níbo ni yóò dúró sí?

Ọ̀nà tí mo wá yàn ni pé kí n kọ́ Praat fúnra mi láti orísun rẹ̀, kí ó lè bá glibc tí mo ní mu. Orísun náà wà ní gbangba fún ẹni tí ó bá fẹ́. Mo bù ú, mo mú fáìlì makefile.defs tí ó wà fún Linux sí ààyè rẹ̀, mo tẹ make. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í da ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bí ẹni tí orí rẹ̀ gbóná. Fún ìṣẹ́jú mélòó kan ó ń lọ dáadáa, lẹ́yìn náà ó dúró, ó ní Error 1.

Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí. Ọ̀pọ̀ nínú wa, ìlà tí ó kẹ́yìn ni a máa ń kà, a ó dà á sínú íntánẹ́ẹ̀tì, a ó sì máa ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni bá wí. Ìlà tí ó kẹ́yìn kò mọ nǹkan kan. Igbe ni ó ń ké. Ẹni tí ó bá ń gbọ́ ẹjọ́ a máa béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ibi tí ìjà parí sí. Mo tẹ make 2>&1 | tee ejo.txt kí gbogbo ohun tí ẹ̀rọ ń sọ lè wọ inú fáìlì kan, mo sì lọ kà á láti òkè. Ó wà níbẹ̀ kedere, kí wàhálà kankan tó bẹ̀rẹ̀, pé òun kò rí gtk+-3.0. Nísàlẹ̀, ó tún un sọ lọ́nà mìíràn: gtk/gtk.h: No such file or directory.

Ó yà mí lẹ́nu, nítorí pé GTK ni ó ń ya fèrèsé àti bọ́tìnì tí mo ń wò lójú kọ̀ǹpútà náà. Báwo ni yóò ṣe ní kò sí? Àlàyé rẹ̀ ni pé ọ̀nà méjì ni wọ́n di ẹrù yìí sí. Èyí àkọ́kọ́, libgtk-3-0, wà fún ètò tí a ti kọ́ parí. Èkejì, libgtk-3-dev, wà fún ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ètò tuntun tí yóò bá GTK sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó fẹ́ jó bàtá, ìró ìlù tó o. Ẹni tí ó fẹ́ kọ ewì tí onílù yóò fi bàtá sọ, àfi kí ó kọ́ èdè ìlù. Àwọn fáìlì tí orúkọ wọn parí sí .h ni èdè ìlù yẹn.

Mo ní kí apt gbé libgtk-3-dev wá. Apt náà kọ̀! Ó ní unmet dependencies, ó ní held broken packages. Mo tẹ apt-mark showhold láti mọ ẹrù tí a dè mọ́lẹ̀. Kò sí ẹyọ kan. Mo ka ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Libgtk-3-dev ń béèrè libgtk-3-0 tí nọ́ńbà rẹ̀ bá tirẹ̀ dọ́gba láìyẹ̀, bẹ́ẹ̀ èyí tí ó wà lórí kọ̀ǹpútà mi fi ìrù díẹ̀ jù ú lọ, nítorí pé ó ti gba àtúnṣe nígbà kan. Apt policy libgtk-3-0 tú àṣírí náà: ẹnìkan tí ó lo ẹ̀rọ yìí ṣáájú mi ti fi àmì # sí iwájú ìlà jammy-updates nínú /etc/apt/sources.list, bóyá kí dátà rẹ̀ má baà tètè tán. (Jammy ni orúkọ ìnagijẹ 22.04.) Ẹrù àtúnṣe ti wọlé, ojú ọ̀nà rẹ̀ sì ti dí. Mo yọ àmì náà, mo tẹ apt update, libgtk-3-dev wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́.

Make tún dúró lórí alsa/asoundlib.h. Èyí kò gbà mí ní àsìkò. Apt-file search sọ fún mi pé inú libasound2-dev ni ó wà. Libpulse-dev náà tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe irú èyí, kí ó kọ́kọ́ kó build-essential àti àwọn mẹ́ta tí mo dárúkọ yìí, yóò ti dé ìdajì ọ̀nà.

Àfi ti ìrántí ẹ̀rọ tí ó kẹ́yìn. Torí pé mo ń kánjú, mo lo make -j4 kí ó lè ṣe iṣẹ́ mẹ́rin pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rọ sì wí pé Killed. Kò dárúkọ fáìlì kan tí ó sọnù. Nínú dmesg ni mo ti rí i pé ìrántí kọ̀ǹpútà, GB 4 péré, ni ó tán, tí Linux sì pa kọ̀ǹpáílà kí ẹ̀rọ má baà kú. Mo fi make lásán ṣe é. Make sì gbọ́n: a máa wo àsìkò tí a kọ fáìlì kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó bá ti ṣe tán kò ní tún un ṣe, nítorí náà ibi tí ó dé ni ó ti tẹ̀ síwájú.

Aago 2 òru ni Praat ṣí. Mo wo inú àkójọ ọ̀nà ìwọ̀n rẹ̀, mo rí èyí tí ọ̀gá wa ní kí a lò. Mo mú gbólóhùn ìyá mi àgbà kan, èyí tí ó fi ń sọ fún mi pé kí n má tí ì lọ, oúnjẹ ń bọ̀. Ìlà búlúù náà sọ̀kalẹ̀ wẹ́rẹ́ títí dé sílébù tí ó kẹ́yìn, níbi tí Praat àtijọ́ ti máa ń fò sókè lójijì. Ó ku ọjọ́ 5, gbólóhùn 180 sì wà nílẹ̀. Mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nọ́ńbà.