Ẹ Má Fi Eré Àkọ́kọ́ Dájọ́ Ẹṣin

Ní ìlú Ìlọrin, kò wọ́pọ̀ kí ènìyàn sọ pé òun kò mọ nǹkan kan nípa ẹṣin. Oríkì ìlú náà pàápàá fi ẹṣin sí ipò tí àwọn ìlú mìíràn fi egúngún sí. Bí ayẹyẹ Durbar bá dé lẹ́yìn ọdún Iléyá, tí àwọn ẹlẹ́ṣin láti ọ̀dọ̀ àwọn Balógun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Àjíkòbí, Alánamú, Gàmbàrí àti Fúlàní, bá ń tò kọjá níwájú Ẹ́míà, gbogbo òǹwòran a di adájọ́. Wọn a ní ẹṣin kékeré yìí yóò dára, wọn a ní tọ̀hún kò ní pẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, aṣọ ara ẹṣin àti gàárì rẹ̀ ni wọ́n ń dájọ́, kì í ṣe ẹṣin gan-an.

Irú ìkánjú bẹ́ẹ̀ wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland pẹ̀lú, níbi tí wọ́n ti ń sá eré tí ẹṣin ti ń fo odi. Igi àti ẹ̀ka ni wọ́n fi ń ṣe àwọn odi náà, gíga èyí tó wọ́pọ̀ kì í sì dín ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àti ààbọ̀. Láti oṣù Kẹwàá ni àsìkò eré yìí ti ń gbóná, a sì máa dé góńgó ní Cheltenham ní oṣù Kẹta àti ní Aintree ní oṣù Kẹrin. Ẹṣin tí kò bá tíì gba ipò kìíní rí nínú irú eré yìí kí àsìkò tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kà sí ọ̀gbẹ̀rì. Ọ̀gbẹ̀rì kan yóò sáré lẹ́ẹ̀kan péré, àwọn ènìyàn a sì ti fi Cheltenham jìn ín.

Kí ló yẹ kí ojú wò? Ìgbà tí ẹṣin bá dé iwájú odi ni kí a wò, kì í ṣe ìgbà tó bá dé òpin eré nìkan. Ṣé òun fúnra rẹ̀ ló ń díwọ̀n ìṣísẹ̀ rẹ̀, àbí ẹlẹ́ṣin ló ń fi ìjánu fà á? Bó bá fò ó tán, ṣé ó ń bá eré rẹ̀ lọ, àbí ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́? Bó bá kọsẹ̀ ní odi kan, báwo ló ṣe fo èyí tó tẹ̀ lé e? Ẹṣin tó borí àwọn aláìlágbára kò tíì sọ ohun púpọ̀ fún wa. Èyí tó ṣe ipò kẹta lẹ́yìn àwọn akọni, tó sì ń kọ́gbọ́n láti odi dé odi, ti sọ ọ̀rọ̀ tó yẹ ká gbọ́. Ilẹ̀ pẹ̀lú ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá, ilẹ̀ ṣì lè le. Bó bá di àárín òtútù, òjò lè ti sọ ọ́ di ẹrẹ̀. Ẹṣin tó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fò lórí ilẹ̀ líle lè di ọ̀lẹ nínú ẹrẹ̀.

Ìlọrin ti rí ẹ̀kọ́ yìí rí. Láti ayé Ọ̀yọ́ Ilé ni wọ́n ti ń ra ẹṣin wá láti òkè Ọya, nítorí pé àrùn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri kì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ láyé nínú igbó. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn, kò rọrùn láti dúró de àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dó ti Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn kọlù wọ́n lóru, wọ́n sì tú wọn ká. Àwọn ẹṣin náà kò yí padà. Ibi tí wọ́n kó wọn dé ló yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo Kauto Star, ẹṣin tí wọ́n bí nílẹ̀ Faransé. Ọ̀gbẹ̀rì ni nígbà tó sáré ní Exeter ní oṣù Kìíní ọdún 2005. Nígbà tó ku odi méjì kí eré parí, ó ṣubú. Bí ẹṣin bá dá ni, à á tún un gùn: Ruby Walsh tó ń gùn ún tún fò lé e lẹ́yìn, wọ́n lé ẹni iwájú, díẹ̀ bíńtín ni wọ́n sì fi pàdánù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i pé egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ ti sán, kò sì lè sáré mọ́ ní àsìkò yẹn. Ẹṣin yìí kan náà ló gba Gold Cup ní Cheltenham ní 2007 àti 2009, tó sì gba King George ní Kempton lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹni tó torí ìṣubú rẹ̀ kọ̀ ọ́ ṣi akọni mọ̀. Ẹni tó ń yin ìgboyà rẹ̀ lọ́jọ́ náà kò sì rí egungun tó sán. Ní 2009, wọ́n fòfin de títún ẹṣin tó ṣubú gùn láti bá eré lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ju ti tẹ́tẹ́ lọ. Bí a bá kánjú, ara ẹṣin ni yóò san gbèsè rẹ̀, nígbà mìíràn ara ènìyàn pẹ̀lú. Ẹṣin tí kò tíì mọ ariwo ìlù, tí wọ́n di ní gàárì kìkì nítorí pé ara rẹ̀ ń dán, lè bẹ́ sáàárín èrò lọ́jọ́ Durbar, ibẹ̀ ni àwọn ọmọdé sì ń dúró sí. Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Nítorí náà, ó yẹ kí àwọn tó ni ẹṣin kọ́kọ́ mú ọ̀dọ́ ẹṣin rìn lẹ́yìn àgbà ẹṣin, kí wọ́n mú un gba ibi tí ìlù ti ń dún díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì wo bí ó ṣe ń mí àti bí etí rẹ̀ ṣe ń ṣe. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, kí wọ́n fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá ó gbóná. Èyí tí kò bá tíì tó, kí wọ́n fi í sílẹ̀ sílé di ọdún tó ń bọ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.