Mo Ní Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Rẹ̀ Ni

Irọ́ ni mo pa fún olùkọ́ wa lọ́dún 2020, mi ò sì tíì jẹ́wọ́ fún wọn dòní.

Nígbà tí ìjọba ti ilé ẹ̀kọ́ pa lóṣù kẹta ọdún yẹn nítorí kòrónà, yàrá kan ní Òkè-Baálẹ̀, l'Óṣogbo, ni mo ti ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì lórí fóònù. Olùkọ́ pín wa ní ẹni mẹ́fà-mẹ́fà. A ó ti kàwé sílẹ̀, oníkálukú á kọ́kọ́ dá ìdánwò ṣe, ẹgbẹ́ á wá jọ tún un ṣe, a ó sì panu pọ̀ sórí ìdáhùn kan. Larry Michaelsen ló gbé ọ̀nà yìí kalẹ̀ l'Óklàhómà, l'Amẹ́ríkà, nígbà tí èrò kíláàsì rẹ̀ pọ̀ jù, kí ẹnikẹ́ni má baà sá pamọ́ sáàárín èrò. Èmi ni olórí ẹgbẹ́ wa. Zoom ọ̀fẹ́ la ń lò. Tó bá ti pé 40 ìṣẹ́jú, ó já nìyẹn.

Ìbéèrè ọjọ́ náà dá lórí ọmọ oṣù mẹ́rìnlá tí ilà ìwọ̀n rẹ̀ lórí káàdì ò kúrò lójú kan fún oṣù mẹ́ta. Ó ń ṣeré, ara rẹ̀ ò gbóná. Àwa márùn-ún ní kí ìyá rẹ̀ gbé e padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Ẹnì kẹfà, ọmọbìnrin kan, gun orí àpáta n'Ímẹ̀sí-Ilé kó tó rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ilà yẹn ti..." Ohùn rẹ̀ já. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló kù. Mo ti maikí rẹ̀ pa, mo fi ìdáhùn wa ránṣẹ́.

A kùnà. Olùkọ́ béèrè ìdí tí ẹnì kẹfà ò fi dá sí i. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ ni. Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n ní nínú kíláàsì, àwọn a máa rìn láti ẹgbẹ́ dé ẹgbẹ́, àwọn á rí ẹni tó lanu tí wọn ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Lórí fóònù, orúkọ lásán làwọn ń rí.

Lálẹ́, ọmọbìnrin náà fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Kò bínú. Ó ní ilà tó dúró lójú kan ti sọ̀rọ̀ tán, a kì í dúró dìgbà tó bá wálẹ̀. Ìyá rẹ̀ àgbà wà lára àwọn tó gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ Dókítà David Morley n'Ímẹ̀sí-Ilé láyé ọjọ́un, níbi tí ìyá ọmọ fúnra rẹ̀ ti ń tọ́jú káàdì ìwọ̀n ọmọ sílé. Ọ̀rọ̀ ilà yẹn wà nínú ìwé tí wọ́n ní ká kà sílẹ̀. Mi ò kà á débẹ̀.

Mo bẹ̀ ẹ́ lọ́dún tó kọjá. Ó dákẹ́ díẹ̀.

"Àǹtí, ṣé ẹ ti wá sọ fún ọ̀gá pé mo dáhùn?"